LẸ́ŃSÌ WO NI WỌN YÓÒ FI SÍ Ọ LÓJÚ?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù sọ

Àwa ìgbìmọ̀ ètò ìlera ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ nípa ojú. Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ń fi ojú ṣọ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Awakọ̀ tí kò ríran kò lè jókòó sí ìdí ọkọ̀, ẹni tí kò sì ríran kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tí ń yí.

Púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí funfun bá bo ọmọlójú rẹ̀, tí olúwarẹ̀ yóò sì tún padà ríran. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà béèrè. Kí ni wọ́n fi sínú ojú náà nígbà tí wọ́n yọ ti àtijọ́ kúrò? Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Ǹjẹ́ wọ́n bi olójú náà pé irú iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: lẹ́ńsì tí ó dára jù kì í ṣe èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tí a wọ̀n fún ojú rẹ àti fún iṣẹ́ rẹ ni.

KÍ NI FUNFUN TÍ Ń BO OJÚ?

Nínú ẹyinjú, lẹ́yìn ọmọlójú, lẹ́ńsì kékeré kan wà tí Ọlọ́run dá mọ́ wa. Ó mọ́ gaara bí omi ẹ̀rẹ̀, ó sì wà nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ, kí àwòrán ohun tí à ń wò lè bọ́ sí ẹ̀yìn ojú ní ibi tí ó yẹ gẹ́lẹ́. Nígbà tí lẹ́ńsì yìí bá ṣú, tí ó dà bí gíláàsì iwájú ọkọ̀ tí ìrì bò ní òwúrọ̀ ọyẹ́, àwọn dókítà ń pè é ní kátáráàtì.

Ọjọ́ orí ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni irin tí ó ta sí ojú ẹni nídìí ẹ̀rọ. Oògùn ojú tí ó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, tí ẹlòmíràn ń rà fúnra rẹ̀ tí ó sì ń kán fún oṣù púpọ̀, lè fà á pẹ̀lú. Kì í dun ni, kì í yún ni, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wá. Awakọ̀ yóò kọ́kọ́ rí i pé iná ọkọ̀ tí ń bọ̀ lálẹ́ ń fọ́n káàkiri, yóò sì máa rò pé gíláàsì ọkọ̀ òun ni ó dọ̀tí.

Láàárín ọdún 2005 sí 2007, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan lórí ojú jákèjádò Nàìjíríà. Wọ́n yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 40 sókè. Wọ́n rí i pé nínú 100 irú wọn, ó lé ní 4 tí ó fọ́jú. Nínú 100 àwọn tí ó fọ́jú yìí, nǹkan bí 43 ni ó jẹ́ pé kátáráàtì ni ó fọ́ wọn lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni afọ́jú tí kátáráàtì fà jẹ́ èyí tí iṣẹ́ abẹ lè tún ṣe. Kò sí oògùn kíkán, kò sí àgúnmu tí ó lè mú kí lẹ́ńsì tí ó ti ṣú tún mọ́. Yíyọ ni wọ́n ń yọ ọ́.

BÍ A BÁ YỌ Ọ́, KÍ NI A FI RỌ́PÒ RẸ̀?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì tí ó ṣú náà ṣubú sí ẹ̀yìn ojú. Ìwádìí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan fi hàn pé nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí kátáráàtì, ó lé ní 4 nínú 10 tí ó jẹ́ pé irú abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi tì í. Púpọ̀ jù nínú àwọn ojú wọ̀nyí ni ó wà ní fífọ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, olójú yóò rí ìmọ́lẹ̀, yóò ka ìka ọwọ́, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì san owó. Kí oṣù tó yí po, ojú lè ti wú, ó lè ti ṣọyún, tàbí kí agbára omi inú rẹ̀ ga títí tí yóò fi pa iṣan ìríran.

Bí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe ojú náà, kò sí lẹ́ńsì nínú rẹ̀ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá yọ kábúrétọ̀ tí ó bàjẹ́, tí kò fi òmíràn sí i, tí ó wá ní kí o máa wa ọkọ̀ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò kó o jọ.

Ní ilé ìwòsàn pàápàá, fún ọdún púpọ̀, wọ́n ń yọ lẹ́ńsì láìfi òmíràn rọ́pò. Awò ojú tí ó nípọn bí ìdí ìgò ni wọ́n ń fún aláìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà ti rí irú awò bẹ́ẹ̀ lójú àwọn bàbá wa. Ó ń mú kí nǹkan tóbi ju bí ó ti yẹ lọ ní nǹkan bí ìdámẹ́rin. Ó tún ń fi òrùka ibi tí a kò ríran yí ojú po, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn tí kò sí lẹ́bàá ọ̀nà yóò ṣàdédé yọ síwájú ẹni. Bí ojú kejì bá ṣì dára, ojú méjèèjì kò ní í lè pa àwòrán pọ̀. Irú awò yìí lè mú bàbá àgbà rìn dé àárín agbo ilé, ṣùgbọ́n kò lè gbé awakọ̀ láti Òṣogbo dé Ìkìrun láìséwu.

BÍ LẸ́ŃSÌ ÀFỌWỌ́ṢE ṢE BẸ̀RẸ̀

Ọkùnrin tí ó yí ọ̀rọ̀ yìí padà ni Harold Ridley, dókítà ojú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ṣiṣẹ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wà ní Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní ọdún 1957, ó sì ṣe ìwádìí níbẹ̀ lórí àìsàn tí kòkòrò ẹ̀bá odò ń fi fọ́ ènìyàn lójú.

Nígbà ogun náà, àwọn awakọ̀ òfuurufú kan ní èérún ìbòrí ọkọ̀ wọn nínú ojú. Perspex ni wọ́n fi ṣe ìbòrí náà, irú ike líle tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ridley ṣàkíyèsí pé ojú kò bá èérún Perspex jà bí ó ti ń bá irin tàbí igi jà. Ó ro ó pé bí ojú bá lè gba èyí mọ́ra, a lè fi ohun kan náà ṣe lẹ́ńsì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi lẹ́ńsì àfọwọ́ṣe àkọ́kọ́ sínú ojú obìnrin kan. Ilé iṣẹ́ Rayner ni ó bá a ṣe lẹ́ńsì náà.

Ẹ fi ọkàn sí ohun tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́ńsì náà mọ́, kò sì ṣú, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n ṣe é ní ìrísí bí ti lẹ́ńsì àdánidá, wọn kò sì ṣe ìṣirò tí ó péye nípa bí Perspex ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju ti ẹran ara lọ. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ kìíní pàá ni lẹ́ńsì ti ń kọ́ wa pé mímọ́ nìkan kò tó, ó gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n mu. Lẹ́ńsì Ridley tún wúwo, òmíràn nínú wọn sì ń yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ta kò ó fún ọdún púpọ̀. Ọdún 2000 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi oyè dá a lọ́lá, ó sì kú ní ọdún 2001.

OHUN MẸ́RIN TÍ Ó YẸ KÍ A MỌ̀ NÍPA LẸ́ŃSÌ

Ìkíní ni ìwọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ léèdì mọ̀ pé bí ìwọ̀n bá fi díẹ̀ yẹ̀, páàtì kò ní í wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú. Ẹyinjú àgbàlagbà gùn tó mílímítà 23 tàbí 24 láti iwájú dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ti ẹnìkan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì. Dáyọ́ptà ni wọ́n fi ń ka agbára lẹ́ńsì. Bí wọ́n bá ṣi gígùn ojú wọ̀n ní mílímítà 1 péré, agbára lẹ́ńsì lè fi bíi dáyọ́ptà 2 àbọ̀ sí 3 yẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí ó rí bọ́ọ̀sì láti òkèèrè lè wá di ẹni tí kò rí nǹkan kedere kọjá ibi tí ó ń gbé ìwé kà sí. Nítorí náà, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn gígùn ojú, kí wọ́n sì wọn bí awọ dídán iwájú rẹ̀ ṣe tẹ̀. Níbi tí wọn kò bá ti wọ̀n ọ́n, tí wọ́n ń fi agbára kan náà sí ojú gbogbo ènìyàn, bàtà nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń pín fún gbogbo ẹgbẹ́. Yóò bá àwọn kan mu, yóò há àwọn mìíràn lẹ́sẹ̀.

Ìkejì ni àyè tí lẹ́ńsì jókòó sí. Lẹ́ńsì òde òní ní apá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó fi ń di ara rẹ̀ mú. Ibi tí ó dára jù fún un ni inú àpò tí lẹ́ńsì àtijọ́ ti kúrò. Nígbà mìíràn àpò náà lè ya, kí dókítà sì ní láti wá àyè mìíràn fún un. Àwọn lẹ́ńsì kan tí wọ́n ń fi sí iwájú ọmọlójú láyé ọjọ́un ba awọ dídán iwájú ojú jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí tí wọ́n fi pa irú wọn tì. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé iwájú ni tìrẹ wà, má ṣe bẹ̀rù, ṣùgbọ́n má ṣe fi ọjọ́ àyẹ̀wò kankan ṣeré.

Ìkẹta ni etí lẹ́ńsì. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀, ojú ẹlòmíràn tún máa ń ṣú, yóò sì rò pé kátáráàtì ti tún hù. Kì í hù mọ́. Ẹ̀yìn àpò yẹn ni ó ṣú, nítorí àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ń rá pálá wọ abẹ́ lẹ́ńsì. Bí etí lẹ́ńsì bá rí rogodo, ó rọrùn fún wọn láti kọjá. Bí etí rẹ̀ bá ní igun gígún bí etí páálí, ó ń dá wọn dúró bí etí kọ́ńkéré gọ́tà ṣe ń dá ẹrẹ̀ dúró. Wọ́n ti rí i pé lẹ́ńsì elétí igun ń dín ṣíṣú yìí kù. Iná léṣà ni wọ́n fi ń tún un ṣe bí ó bá ṣẹlẹ̀. Kò gba ọ̀bẹ, kò sì pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò sí ní gbogbo ilé ìwòsàn. Fún ẹni tí ń gbé Òkukù tàbí Ìnísà, etí lẹ́ńsì tí ó dára lè gba owó ọkọ̀ àti ọjọ́ iṣẹ́ púpọ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìkẹrin ni ọ̀nà jíjìn tí lẹ́ńsì ń fi hàn wá. Lẹ́ńsì àdánidá ọ̀dọ́ rọ̀, ó ń yí ìrísí padà bí à ń wo òkèèrè tàbí ìtòsí. Lẹ́ńsì ike kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ dà bí ọkọ̀ tí ó ní jíà kan ṣoṣo: ibi kan ni ó ń fi hàn kedere. Awakọ̀ ní láti béèrè pé kí wọ́n ṣe tòun fún òkèèrè, yóò sì máa lo awò fún ìwé kíkà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìtòsí ojú, bíi aránṣọ, lè bá dókítà sọ ọ́ bóyá ìtòsí ni ó yẹ kí wọ́n wọn tirẹ̀ sí.

Lẹ́ńsì kan tún wà tí ó pín ìmọ́lẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta, kí ènìyàn lè rí òkèèrè àti ìtòsí láìlo awò. Owó rẹ̀ pọ̀. Ó dára fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ó máa ń fi òrùka ìmọ́lẹ̀ yí iná ká lálẹ́, ó sì lè mú kí dúdú àti eérú nira láti yà sọ́tọ̀. Ẹ fojú inú wo awakọ̀ tí ó pàdé tírélà lóru, tí tírélà náà tan iná ńlá, tí ẹnìkan tí ó wọ aṣọ dúdú sì ń kọjá lọ́nà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì ojúlówó oníbìkan tí a wọ̀n sí òkèèrè ni ó tọ́, bí ẹni tí ń tà á tilẹ̀ ń yin ti olówó ńlá.

OWÓ NÁÀ ŃKỌ́?

Nígbà kan rí, lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí wọ́n ń rà láti ilẹ̀ òkèèrè lè ná ènìyàn ní nǹkan bí 100 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ó mú un wálẹ̀. Ní ọdún 1992, ilé ìwòsàn ojú Aravind ní ìlú Madurai ní Íńdíà dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin láti abúlé ti kọ́ iṣẹ́ lẹ́ńsì ṣíṣe. Wọ́n mú owó rẹ̀ wá sí nǹkan bí 10 dọ́là, ó sì tún lọ sílẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ní àwọn ọdún 1990 kan náà, àjọ tí a fi orúkọ dókítà Fred Hollows pè ran Nepal àti Eritrea lọ́wọ́ láti dá ilé iṣẹ́ lẹ́ńsì sílẹ̀. Eritrea kò jìnnà sí wa bí ti Lọ́ńdọ̀nù nínú ìrírí: ilẹ̀ Áfíríkà ni, ogun ni ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán nígbà náà.

Ẹlòmíràn yóò ní èyí tí kò wọ́n kò lè dára. Ní Nepal, wọ́n fi ọ̀nà méjì wé ara wọn lára ènìyàn 108, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ọ̀kan lo ẹ̀rọ olówó ńlá tí ń fọ́ kátáráàtì wẹ́wẹ́. Èkejì lo ojú ọgbẹ́ kékeré tí ń pa ara rẹ̀ dé láìrán, èyí tí owó rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn oṣù 6, nínú 100 ènìyàn ní apá méjèèjì, 98 ni ó ríran tó ìwọ̀n 6/18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú awò tí ó bá wọn mu. Ìtumọ̀ 6/18 ni pé ohun tí ojú tí ó pé lè rí láti mítà 18, olúwarẹ̀ rí i láti mítà 6. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 9, ti ẹ̀rọ gba 15 àbọ̀. Ọwọ́ dókítà àti ìwọ̀n tí ó péye ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iye tí a kọ sára páálí.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ Ẹ̀KA ÀTI LỌ́WỌ́ YÍN

A gbé ohun mẹ́rin wá síwájú ìpàdé.

Èkíní, nígbà tí owó ìrànwọ́ ẹgbẹ́ bá lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú, kí ó má ṣe dúró lórí iṣẹ́ abẹ nìkan. Kí ó kan owó wíwọn ojú, owó lẹ́ńsì, owó ọkọ̀ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àti owó awò. Iṣẹ́ abẹ tí kò ní àyẹ̀wò lẹ́yìn dà bí ọkọ̀ tí a tún ṣe tí a kò dán wò.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá lọ gba lẹ́ńsì béèrè nǹkan wọ̀nyí: Ṣé ẹ ti wọn ojú mi? Irú lẹ́ńsì wo ni, etí rẹ̀ sì ńkọ́? Òkèèrè ni tàbí ìtòsí? Ṣé ẹ ti wò ó bóyá mo ní gulokómà? Lẹ́ńsì kò lè tún ohun tí gulokómà ti bàjẹ́ ṣe. Káàdì tàbí lébẹ́ẹ̀lì kan máa ń bá lẹ́ńsì wá tí wọ́n kọ irú rẹ̀ àti agbára rẹ̀ sí. Gbà á, kí o fi í pamọ́ pẹ̀lú ìwé pàtàkì rẹ.

Ẹ̀kẹta, kí awakọ̀ má ṣe padà sí ìdí ọkọ̀ títí dókítà yóò fi dán ojú rẹ̀ wò tí yóò sì sọ pé ó tó. Kí àwọn agbanisíṣẹ́ sì fún un ní iṣẹ́ mìíràn fún ìgbà díẹ̀ náà, láìyọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìbẹ̀rù pé a ó lé wa ni ó ń mú kí awakọ̀ máa fi ojú tí ó ṣú gbé èrò. Nígbà tí ìbẹ̀rù yẹn bá kúrò, gbogbo èrò inú ọkọ̀ ni yóò jèrè rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ilé iṣẹ́ pèsè awò ìdáàbòbò fún gbogbo ẹni tí ń lọ irin tàbí tí ń jó irin. Lẹ́ńsì tí a kò ní í rà ni ó pọ́ọ́kú jù.

Ẹ̀yin tí ojú yín ti ń ṣú, ẹ má ṣe jókòó sílé de abẹ́rẹ́ ẹni tí ń kiri. Àwọn dókítà ojú wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Òṣogbo, ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní UCH Ìbàdàn. Ẹ lọ bá wọn, kí ẹ sì béèrè. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ẹgbẹ́ wa yóò máa gbèrú, ojú wa yóò sì jẹ́ kí a rí èrè iṣẹ́ wa.